Ọjọ́ Tí Ògbufọ̀ Ọlálérè Dákú ní Ọ̀kà

Ohun tí gbogbo Ìkàrẹ́ mọ̀ nípa olóògbé Zachariah Ọlálérè ni pé ó dákú lórí àpáta Ọ̀kà, níṣojú Ajẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá àti àwọn arẹrù. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ni pé kò dákú rárá. Ara rẹ̀ le koko lọ́jọ́ náà, ó sì ti jẹ iyán yó kó tó kúrò nílé.

Ògbufọ̀ ni Ọlálérè, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún wa. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ọ́ di Yorùbá. Bí ará ìlú bá fèsì, òun ló ń sọ ọ́ di òyìnbó. Àwọn ògbufọ̀ mìíràn fi iṣẹ́ náà kọ́lé. Ọlálérè fi tirẹ̀ kó ọ̀rọ̀ òyìnbó kéékèèké jọ: ọ́ọ̀pù, dáùn, ín, áùtì, ófà, tú, ọ́fù. Ó gbà pé inú wọn ni agbára òyìnbó wà, kì í ṣe inú ìbọn.

"Òyìnbó kì í kàn lọ," ó máa ń sọ fún àwọn tó bá jókòó tì í níwájú ilé. "Bó bá ń lọ sí Ọ̀kà, á ní òun ń lọ ọ́ọ̀pù tú Ọ̀kà, torí òkè ni. Bó bá ń padà, ó di dáùn tú Ìkàrẹ́. Ugbè ò jìnnà, ófà tú ni. Àfìn jìnnà, áùtì tú ni. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn. Ti àkọ́kọ́ á sọ ibi tí ojú kọ sí, èkejì á sọ ibi tí ẹsẹ̀ máa gúnlẹ̀ sí."

Wọ́n á bi í pé àwa tí a ti ń gun òkè yìí kí òyìnbó tó dé ńkọ́, ṣé a ò mọ ibi tí à ń lọ ni? Á wò wọ́n tàánú-tàánú.

Florence ìyàwó rẹ̀ ló jìyà ẹ̀kọ́ náà jù. Ọlálérè á ní kó gbé iyán áùtì ọ́fù ilé ìdáná, ófà tú pálọ̀, dáùn ọ́n tú tábìlì. Florence á dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. "Bàbá Elizabeth, ẹ sọ ibi tí mo máa gbé e sí kó tó tutù." Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tutù.

Tíṣà Clement ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nìkan ló tó o bá jiyàn. Ọlálérè búra pé òyìnbó lè to "ín" àti "áùtì" tẹ̀lé ara wọn kí ọ̀rọ̀ náà sì já gaara. Tíṣà ní irọ́ ni.

"Kò sẹ́ni tó ń wọlé tó tún ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè. Àfi eku."

Àwọn méjèèjì kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wòlíì kan gbà á ládùúrà fún wọn. Kò ràn.

Ìgbà náà ni Ajẹ́lẹ̀ tuntun dé. Ó gun Ọ̀kà, atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú, ó sì pinnu pé orí àpáta yẹn ni wọn yóò kọ́ ilé ìsinmi òun sí. Pé ilé ènìyàn wà níbẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Èèyàn ńlá kì í jẹ́ kí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ba atẹ́gùn jẹ́ fún òun. Opó kan tó ń jẹ́ Memunat ló ń gbé ilé náà, òun àti Hámzàt ọmọ rẹ̀. Inú yàrá ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, bí a ti ń sin onílé.

Memunat sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́. "Bàbá Ògbufọ̀, ẹ bá mi bẹ òyìnbó. Bí ọ̀n bá wó ulé yìí, orí ọkọ mi ni ọ̀n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lé."

"Bẹ̀ ẹ́ kẹ̀?" ni Ọlálérè wí. "Ìyá Hámzàt, ẹni tó gbọ́ òyìnbó kì í bẹ òyìnbó. Màá sọ̀rọ̀ fún un, á sì yí padà. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ọjọ́ tí wọn yóò wó ilé náà pé. Ọlálérè wọ kakí, ó wọ bàtà tó ń fún un lẹ́sẹ̀, ó dúró ṣánṣán níwájú Ajẹ́lẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó sì sọ gbólóhùn òyìnbó tó ti ń tò láti ọjọ́ tí Memunat wá bá a. Gbogbo ọ̀rọ̀ kékeré tó ní ló wà níbẹ̀; wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n rékọjá, wọ́n padà. Nígbà tó parí, Ajẹ́lẹ̀ bi í bóyá ó ṣìnà ni. Ó tún un sọ. Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí àwọn ọlọ́pàá, ó nawọ́ sí òrùlé. Wọ́n gùn ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú koríko.

Memunat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

Ọlálérè rí i. Ọkùnrin tó ti ń kọ́ àwọn ìjòyè pé ẹni tó bá wọ bàtà, ọrùn nìkan ló ń tẹ̀, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta gbígbóná, tòun ti kakí, tòun ti bàtà. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ kò tíì rí ẹni tó wọ kakí kó dọ̀bálẹ̀ rí. Ó rò pé oòrùn ló gbé e ṣubú. Ó figbe ta pé kí wọ́n gbé e "ín áùtì ọ́fù dì sọ́ọ̀nù", ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé e wọlé, kúrò nínú oòrùn.

Ọlálérè gbọ́ ọ. Ín, áùtì, ọ́fù, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì já gaara. Ayọ̀ dí i lẹ́nu, ẹ̀bẹ̀ kò lè jáde. Kó tó rí ohùn, àwọn ọlọ́pàá ti bọ́ sílẹ̀ lórí òrùlé láti wá gbé e. Bó ṣe rí i pé wọ́n ti fi koríko sílẹ̀, ó di ojú pinpin, ó sì dákú.

Nínú ilé, Ajẹ́lẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi akoto rẹ̀ fẹ́ ẹ. Memunat gbé omi wá fún àwọn méjèèjì. Ajẹ́lẹ̀ mu tirẹ̀, ó wò yíká, ó rí ibi tí ilẹ̀ yàrá ti ga díẹ̀, tí wọ́n ti fọwọ́ pa á dán, ó sì bèèrè ohun tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ògbufọ̀ ti dákú. Ó tún bèèrè. Láti ilẹ̀, láìlajú, ẹni tí oòrùn pa sọ fún un ní òyìnbó pé ọkọ obìnrin náà ni, ó ń sùn. Kò fi ọ̀rọ̀ kékeré kankan sí i.

Akoto dúró lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀. Ó dìde. Ó ní kí wọ́n dá koríko padà sórí ilé, kí wọ́n wá àpáta mìíràn fún òun.

Ajẹ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó sì ba Ọlálérè jẹ́ nìyẹn. Àánú ló fi sọ pé ẹni tí oòrùn ń pa tó bẹ́ẹ̀, tó tún ń sọ̀rọ̀ láìlajú, kò gbọdọ̀ bá òun gun òkè mọ́. Ó gba ògbufọ̀ mìíràn.

"Ẹ lọ sọ fún un pé ẹ ò dákú," ni Florence wí. "Ẹ ní ìdọ̀bálẹ̀ ni."

"Á mọ̀ pé mo fi òun ṣeré. Orí òrùlé yẹn ni ìbínú rẹ̀ máa padà sí, Florence."

Ó lọ gba oko ní Ugbè. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó yà sọ́dọ̀ Tíṣà Clement láti sọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ fún un. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rí ẹni tó dákú kì í ṣe ẹ̀rí. Bí Ọlálérè bá ní òun kò dákú, ọ̀rọ̀ náà á dé etí Ajẹ́lẹ̀. Ó pàdánù iṣẹ́, ó tún pàdánù àríyànjiyàn, èyí tó dùn ún jù nínú méjèèjì.

Ọjọ́ tí a sin ín ni Florence tó tú ọ̀rọ̀ náà síta. Memunat, tó ti darúgbó, wà láàárín wa.

"Mo kúkú mọ̀ pé kò dákú," ló wí. "Mo da omi sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún la ẹnu fún òmíràn."

A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà Clement ṣí fìlà. "Á jẹ́ pé ó gbọ́ ọ," ló wí. "Òun ló jàre."

Memunat kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí Florence. "Ṣé torí ẹ̀ ni ọ̀n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ògbufọ̀? Wọn ò sọ fún mi."

"Torí ẹ̀ ni," ni Florence wí.

"Ulé yẹn ni mo jí sí láàárọ̀ yìí," ni Memunat wí. "Mo gbá a kí n tó sọ̀kalẹ̀ wá."

Ìgbà náà la tó sunkún Ọlálérè.