Àwọn Ìyá Tó Wọlé Sílé-Ìwé ní Ẹ̀yìn-Òkúta

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń ti ọjà Ìkàrẹ́ bọ̀, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta èédú. Ó ń wọ́n omi sí èyí tí iná rẹ̀ kò tíì kú tán, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ ìtàkùn ànàmọ́ tútù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òórùn méjèèjì papọ̀, ó wọ imú mi, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé àpò mi sílẹ̀. Òórùn pátákó ìkọ̀wé ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà tiwa, ní ọjọ́ Ẹtì, àwa ọmọ ilé-ìwé la máa ń gún èédú mọ́ ewé ànàmọ́, tí a ó fi kun pátákó kó lè dúdú dáadáa de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ wa á dúdú, ojú wa á dúdú, àwọn ìyá wa á sì fi kànrìnkàn bó wa bí ẹni ń bó ẹ̀gẹ́.

Obìnrin náà bi mí pé, "Mọ̀mọ́, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Abúlé wa ni mo rántí. Ẹ̀yìn-Òkúta ni orúkọ rẹ̀. Ó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní ẹ̀yìn àpáta ńlá kan tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń gba ọ̀nà mọ́tò kọjá rí wa. Ilé méje péré ni. Bí ènìyàn bá sín ní ilé àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní ilé keje ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Bàbá bàbá mi ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ará Ọ̀kà ni wọ́n pè é, ìjà ààlà ilẹ̀ ló sì gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ká ẹní rẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀ àti ajá kan, ó lọ sí ẹ̀yìn òkúta tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tí yóò wá bá òun du àpáta. Kò sẹ́ni tó wá. Iṣu tó gbìn sáàárín òkúta náà sì ta gan-an. Láti ìgbà yẹn ni agídí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn bàbá wa ti fi amọ̀ mọ ilé-ìwé oníyàrá kan, tí wọ́n fi páànù bò ó. Tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìwàrò-Ọ̀kà láràárọ̀. A máa ń gbọ́ igbe ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lẹ́yìn àpáta. Àwọn kékeré á jókòó níwájú, àwọn àgbà ọmọ lẹ́yìn. Bó bá ń kọ́ àwọn kan, àwọn yòókù á máa fi ẹsẹ̀ ta ara wọn lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí alábẹ̀wò kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ó ka orí wa, mọ́kànlá ni wá. Ó ní kò bójú mu kí wọ́n fi odidi tíṣà kan ti ọmọ mọ́kànlá. Bí òun bá padà wá ní òpin táàmù tí òun kò bá ogún akẹ́kọ̀ọ́, wọn á ti ilé-ìwé náà pa, kí á máa rìn lọ sí ilé-ìwé tó wà ní Ugbe. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fún Tíṣà, ó lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé nìkan ni. Gbogbo àgbà ló mọ ohun tó ń bọ̀. Bí ọmọ bá lọ, ìyá á tẹ̀ lé e. Bí ìyá bá lọ, bàbá ò ní pẹ́ níbẹ̀. Abúlé tí kò bá ti ní ariwo ọmọ mọ́, ẹyẹ ni yóò jogún rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìpàdé níwájú ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àbúrò bàbá mi dá a lábàá pé kí a yá ọmọ mẹ́sàn-án ní Ugbe lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà bá ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo abúlé ń pè ní Yèyé, ló dá wọn dúró. Obìnrin kúkurú ni, kì í gbé ohùn sókè. Bó bá ń bínú, ẹ̀fọ́ ló máa ń já. Ó ń já ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni yóò gbà wá sílẹ̀," ó ní. "Tíṣà, ka ìwé tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀. Kí ló ní òun fẹ́?"

"Ogún akẹ́kọ̀ọ́, mà."

"Ṣé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọdé?"

Tíṣà wo ìwé náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Kò kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá mẹ́sàn-án gbé àpótí wọn wọ kíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Yèyé jókòó sí, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọwọ́ tó ti fi di ọkọ́ mú láti ìgbà èwe kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ṣẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó ní ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yìí kò léegun. Ní ilé, èdè tiwa la ń sọ, èyí tí ará Ìkàrẹ́ pàápàá kì í gbọ́ délẹ̀, nítorí náà Yorùbá inú ìwé ṣàjèjì sí i bó ṣe ṣàjèjì sí wa. Á bá ìwé náà jà. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Lẹ́yìn náà á dà á kọ, á ní òun kọ ọ́ bí ìwé ṣe fẹ́, àmọ́ òun ò gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó pẹ́ dé nítorí ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń rọbí. Tíṣà ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Mo pẹ́," ni Yèyé wí.

"Ẹ jókòó, mà."

"Ṣé àwọn ọmọ yìí máa ń jókòó bí wọ́n bá pẹ́?"

Ó mú ọkọ́, ó lọ ro gbogbo iwájú ilé-ìwé kí a tó jáde eré. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó tún pẹ́ dé.

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò padà wá, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn ìyá jáde kí òun lè ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ó tún un sọ, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Tíṣà na rẹ́jísítà sí i.

"Ogún ni wọ́n, sà. Gbogbo wọn ló ń wá."

"Ṣé eré lẹ fi mí ṣe ni?"

Yèyé dìde bí Tíṣà ṣe kọ́ wa láti máa dìde. "A ò fi ọ́ ṣeré, ọmọ mi. Dán wa wò."

Ọkùnrin náà tọ́ka sí pátákó. Ó ní kí Yèyé kọ orúkọ ibi tí a wà yìí. Mo gbójú sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró ṣọ́ọ̀kì, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, orúkọ abúlé wa ló wà níbẹ̀, ó wọ́, ó sì tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba pátákó náà tán.

Alábẹ̀wò wò ó pẹ́. Ó wá ṣí ìwé tirẹ̀, ó ń wá inú rẹ̀ láti ojú ewé kan dé òmíràn. "Mà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "orúkọ yìí kò sí nínú ìwé mi. Abẹ́ Ọ̀kà ni wọ́n kọ yín sí."

"Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Dà á kọ."

Ó mú bírò, ó dà á kọ. Yèyé dúró tì í, ó sì sọ fún un pé ó gbàgbé àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Kò ṣe ìlérí kankan kó tó lọ. A dúró de lẹ́tà pé wọ́n ti ti ilé-ìwé pa, lẹ́tà náà kò dé. Nígbà tí òjò ìgbìn bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn ìyá padà sóko. Àmọ́ Yèyé kò kúrò títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe kíláàsì kẹfà. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí mi, ìlà méjì péré: "Ewúrẹ́ ti bí. Má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ." Ó kú kí ọdún náà tó parí.

Ilé-ìwé náà kú lẹ́yìn rẹ̀, mi ò ní parọ́. Àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n lọ sí Èkó, èmi náà lọ. Ìjì gbé páànù, òjò wó ògiri kan. Ilé mẹ́ta ni èéfín ń jáde níbẹ̀ lónìí. Àwọn ọmọ mi a máa bi mí pé kí ni mo ń wá lọ síbi tó ti tán. Àwọn kan tilẹ̀ ní ibi kékeré bẹ́ẹ̀ kò nítàn, pé ìlú ọlọ́ba ló nítàn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Èmi mọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, mo mọ ẹni tó dì í mú kó má fọ́. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìtàn, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Tọkọtaya kan láti Ipe ti kó wá sí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà báyìí, wọ́n ń dáko. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ lọ, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó bẹ̀rẹ̀.