Òróró Inú Dùùrù

Ìjọ àwa Yorùbá ní Darkuman, lẹ́yìn odi Nàìjíríà, ní àṣà kan: bí ọdún bá ti yí, pásítọ̀ á ta òróró sí gbogbo ohun èlò orin, kí wọ́n má baà dákẹ́ láàárín ọdún. Dùùrù oníná tí bàbá mi ń tẹ̀ ló máa ń gbà jù, nítorí òun ló wọ́n jù.

Nígbà tó yá, orin bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bàbá á máa tẹ dùùrù lọ, àárín rẹ̀ á ṣàdédé dákẹ́, ìjọ á máa wojú ara wọn. Bàbá ti dàgbà lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá gbé ife tíì. Èyí ló jẹ́ kí gbogbo wọn gbà pé ìka rẹ̀ ni kò lágbára mọ́. Pásítọ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì láàárín ọ̀sẹ̀, wá bá a nílé wa ní Lagos Town, àdúgbò kan níbí. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ ká fún yín ní àga iwájú, kí ẹ máa sinmi. A ó wá ẹlòmíì tí á máa tẹ dùùrù."

Bàbá dúpẹ́. Nígbà tí àlejò lọ, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ó lè jẹ́ òótọ́ o," ló wí. "Ó ti rẹ ọwọ́ yìí paa."

Inú bí mi. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, mi ò sì tíì rí ẹni tó yẹ ti bàbá mi wò. Aránṣọ ni mí. Bí máṣíìnì bá ń fo ojú aṣọ láìrán an, n kì í bá ẹsẹ̀ tí mo fi ń wà á jà, máṣíìnì ni mo máa ń tú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka ara mi tẹ dùùrù náà. Àwọn eyín dùùrù, ibi tí ìka ń tẹ̀, tó yadi fún Bàbá yadi fún èmi náà. Mo gbé e sínú takisí, ó di orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?" Bàbá bi mí.

"Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i, Bàbá."

Mo dojú rẹ̀ dé, mo tú ìdí rẹ̀. Lábẹ́ eyín dùùrù ni àwọn rọ́bà gígùn wà, tí wọ́n ní àmì dúdú lára; àmì yẹn ló ń kan pátákó inú rẹ̀ kí ohùn tó jáde. Èyí tó wà láàárín ti rin gbingbin, eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbóòórùn rẹ̀: òróró ìjọ ni.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àdúrà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu!"

Mo ra sípírítì ní Tudu, mo fi òwú nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Rọ́bà kan láàárín kò gbọ́ ìwẹ̀, àmì rẹ̀ ti ṣí. Mo bá yọ irú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun apá òsì, níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé, mo fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Bí a ṣe ń gé aṣọ nínú ìṣẹ́tí láti fi lẹ iwájú ẹ̀wù nìyẹn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í síná tán ni iná lọ. Àsìkò dumsor ni, iná ń lọ ó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Bàbá kò gbé ọwọ́ kúrò, ó ń tẹ orin rẹ̀ lọ láìsí ohùn. Nígbà tí iná dé, orin náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kò sì já níbì kankan. Ọwọ́ tí wọ́n ní kó lọ sinmi nìyẹn. Mo yangàn nínú yàrá yẹn, mo ṣì ń yangàn dòní.

Pásítọ̀ gbọ́, ó tọrọ àforíjì, kò sì sọ̀rọ̀ àga iwájú mọ́. Nígbà tí ọdún tún yí, ó gbé ìgò òróró rẹ̀ dé ibi dùùrù. Bàbá ti fi aṣọ bò ó. Bàbá dúró síwájú dùùrù, ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba.

"Ibí ni kí ẹ dà á sí, pásítọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìyí."

Pásítọ̀ dà á. Ó ṣàn dé ọrùn ẹ̀wù tí mo rán fún Bàbá, Bàbá kò sì nù ún.