Aago Mẹ́fà Húsítìn

Èmi Bùsàrí ọmọ Ìsẹ́yìn, táìlì ni mo máa ń tẹ́ sílé àwọn ọlọ́lá ní Igbó Ẹfọ̀n, l'Ékòó. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi pé ojú kì í wọn nǹkan, tépù ló ń wọ̀n ọ́n. Táìlì tó bá fi ìka kan yẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ kó tó kan ògiri.

Rùkáyàt nìkan lọmọ tí mo bí. Kó tó lọ sí Húsítìn, ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo sáìtì ti ń pè mí ní Bàbá Húsítìn, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní kí n má sin òun. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ló ní bàlúù òun máa gbéra. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó pè mí lórí Wásáàpù: "Bàámi, mo ti dé o!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ara fu mí. Ọmọ tí mo fi ìkíni tọ́, tó bá ti pè báyìí, kì í kí mi mọ́. Ọ̀rọ̀ ló máa já lù bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ṣé wọn kì í kíni ní Amẹ́ríkà ni?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ni, bàámi."

Nẹ́tíwọọ̀kì kọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni!

Mo bá bi Ọ̀gá Adétòkunbọ̀, onílé tí mò ń bá ṣiṣẹ́, tó ń lọ Húsítìn bí ẹni ń lọ Ajah: wákàtí mélòó ni bàlúù ń lò débẹ̀?

"Mẹ́tàlá. Ó ju ẹgbàárùn-ún kìlómítà lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Méje lọmọ tèmi lò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aago tiwọn ló wò. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wa."

Wọ́n rò pé àwọn tù mí nínú. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà tèmi lọmọ yìí pè, tí oòrùn ò tíì wọ̀. Bàlúù rẹ̀ ṣì yẹ kó wà lójú sánmà nígbà náà!

Láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo pè é. N ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Rùkáyàt, kí mi."

Ó tún fẹ́ dárúkọ nẹ́tíwọọ̀kì. Aago kan òru ló yẹ kó jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo ní kí o kí bàbá rẹ."

"Ẹ... ẹ káàárọ̀, bàámi." Ó bú sẹ́kún.

"Níbo lo wà?"

"Eléko."

Eléko! Etíkun tí n ò lò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ kí n tó dé! Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ló ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti oṣù mẹ́ta. Inú bí mi gan-an. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń ṣa èébú jọ.

Mo bá a níbi tó ń sá aṣọ. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Wọn ò fún mi ní físà, bàámi. Mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti ń jẹ́ Bàbá Húsítìn."

Mo wá gbogbo èébú náà tì. Èmi ni mo ń dáhùn orúkọ náà, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fà á dìde.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "O kú ìrìn-àjò."