Màlúù Yí Élodie Ká

Àìbìkítà kọ́ ni Honorine fi tẹ́ Élodie, ọmọ rẹ̀, sábẹ́ igi máńgòrò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá tó ń roko ní Kpankou ń ṣe. Nígbà tó gbójú sókè láti ìdí ẹ̀gẹ́, agbo màlúù ti yí ọmọ náà ká. Ó fẹ́ ké, Séidou ọkọ rẹ̀ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Ìyá Élodie, má pariwo. Bí wọ́n bá ta gìrì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa.”

Akọ màlúù kan gbóòórùn ọmọ náà, ó sì rọra rékọjá lórí rẹ̀. Àwọn yòókù bá a lọ.

Élodie kò tilẹ̀ jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí oòrùn ti wù kó mú tó, ẹ̀yìn ni Honorine ń pọ̀n ọ́n sí roko.