Ìwé Ìsìnkú Lórí Kọ̀ǹpútà Ìkòkò Ọṣẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ilẹ̀ mìíràn láyé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìkòkò gbígbóná tẹ ìwé ètò ìsìnkú, kó sọ ọ́. Èmi kò mọ ibẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, ní àwọn ọdún tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àpéwò ní àdúgbò wa.

Ìkòkò irin kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Akówọnjó lọ. Inú rẹ̀ ni epo àti sódà ti ń hó pọ̀ títí wọn yóò fi di ọṣẹ, ooru omi tó ń gba inú páìpù wá ló sì ń sè wọ́n. Bí ooru náà bá kéré, ọṣẹ kò ní jinná. Bí ó bá pọ̀ jù, ọṣẹ yóò ru sókè bí ẹ̀kọ tí a gbàgbé lórí iná, yóò sì dà sílẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà: òun ló ń wo bí ìkòkò ti gbóná tó, òun ló ń ṣí ẹnu páìpù, òun náà ló ń tì í. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa tọ́jú ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Lórí pèpéle irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ọkùnrin kan máa ń dúró, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó dàgbà jù mí lọ, tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń ro ọṣẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣìṣe, orí ẹ̀gbọ́n yìí ni yóò dà lé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rí àyè fún un.

Ohun tí wọ́n rí àyè fún ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Jẹnẹrétọ̀ wa kì í sinmi. Ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ láti ara kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, iná a máa lọ kí ìwé tó jáde. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ló lè gbà wọ́n. Ẹni tó ń sin òkú dé, ẹni tó ń gbé ìyàwó dé, akọ̀wé ìjọ tó ń wá ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi náà dé, kálukú pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì tó ti wọ ẹnu gbogbo ẹ̀rọ tó wà láti Dópémú dé ibùdókọ̀ Pleasure. Fáírọ́ọ̀sì, ètò burúkú tí ènìyàn jókòó kọ láti ba ètò ẹlòmíràn jẹ́, a máa gun dísíkẹ́ẹ̀tì bí ìdun ti ń gun ẹní. Ẹni tó bá gba ẹní àlejò wọlé ti gba ìdun rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ti yàrá kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni má ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ mọ́.”

“Ẹnjiníà, ẹ̀rọ tí àlùfáà ta òróró sí lórí? Ojú ẹ kọ́ ni wọ́n ṣe yà á sí mímọ́ ni? Fáírọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ gbabẹ̀ kọjá?”

“Sà, òróró kì í dí ihò dísíkẹ́ẹ̀tì.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ. Gba kọ́kọ́rọ́, máa tì í. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá dé, má dójú tì mí o.”

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ wa! Kọ́kọ́rọ́ tí ẹkún lè ṣí, tí ewú orí lè ṣí, tí “ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni” lè ṣí, kí ló kù tó ń tì?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ọ̀gá wọlé pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kú.

“Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé mélòó kan péré ni.”

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ń se ọṣẹ lọ́wọ́.”

“Ṣé mo ní kó má se ọṣẹ ni? Èmi náà pọnmọ dáná rí, n kò sì jóná.”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mà, bí nǹkan kan bá ti inú dísíkẹ́ẹ̀tì yín wọ ibí, ọkùnrin orí pèpéle yẹn ló máa jóná.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìyá mi wà ní mọ́ṣúárì, ìwọ ń ṣépè! Ṣé ìwọ ò ní ìyá ni?”

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ké sí mi láti orí pèpéle. “Àbúrò, ṣe é fún wọn jàre! Ọ̀rọ̀ òkú kì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀.”

Ọ̀gá dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìkòkò ọjọ́ náà jinná ná. Ó ní ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kì í dúró níta. Ẹ̀rọ náà kò lè ṣe iṣẹ́ méjì papọ̀, nítorí náà wọ́n dá ètò ìkòkò dúró, wọ́n tẹ ìwé ìsìnkú, wọ́n sì tún gbé ètò ìkòkò dìde. Obìnrin náà ṣàdúrà fún gbogbo wa, ó lọ.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà tó ń sọ bí ìkòkò ti gbóná tó kò kúrò lójú kan. Àwọn tó kù rò pé ìkòkò ṣe jẹ́jẹ́ ni. Ìkòkò tó ń hó kì í ṣe jẹ́jẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ kò dáhùn. Ó ti kú síbi tó ti ṣí ẹnu páìpù sílẹ̀. Mo pariwo kí ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pèpéle ló sáré gbà láti fọwọ́ ti páìpù, ibẹ̀ ni ọṣẹ tó ru sókè tó sì dà sílẹ̀ ti bá a. Awọ apá rẹ̀ bó bí èèpo tòmátì tí a bọ̀. Igbe tó ké, ọ̀gá gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Níbi ìpàdé tí wọ́n pè lẹ́yìn rẹ̀, ààwẹ̀ ni wọ́n kéde. Ọ̀gá ní iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ni. Mo ti fi ètò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò: ọ̀kan náà ló wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì ìsìnkú tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ẹ̀rọ, òun náà ló wà nínú ètò ìkòkò. Mo dìde, mo sọ ọ́.

“Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé òkú ìyá àgbà ló sun ọkùnrin yẹn?” ni ọ̀gá bi mí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

N kò ní dárí ẹ̀rín yẹn jì wọ́n. Ojú àánú tí a ń fi ara ẹlòmíràn ṣe, ìkà ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí yóò ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ìkòkò náà nítorí òkú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n ki ti ẹ̀gbọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sì pe ara wọn ní ọmọlúàbí.

Nígbà tí apá náà san díẹ̀, tí ó ku ọ̀la kí ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ bi mí ní ẹnu ọ̀nà wọn pé, “Ṣé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn báyìí?” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, mo tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, mo yọ ẹ̀yà tí wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ kúrò lódindi, mo sì gbé e lọ sórí tábìlì ọ̀gá.

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?”

“Ìyàwó ọkùnrin tí ẹ sun, sà.”

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ kí èmi àti ẹ̀gbọ́n tó pàdé ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní ọ̀gá tún mú ẹnìkan wá láti tẹ ìwé ìsìnkú, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, wọ́n ń wo ihò tí mo yọ ẹ̀yà náà kúrò, ọ̀gá sì ń tọrọ àforíjì: “Ẹ má bínú, wèrè kan ló bà á jẹ́ fún wa.” Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá wọ́n ti fi ẹ̀yà mìíràn sínú ihò náà.

Ó ní rárá, ó ṣì ṣófo.