Omi Tí Mo Fún Ọ̀pọ̀lọ́ Oníwo

Àkùkọ kan ló bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Pírámárì ló ṣì wà nígbà yẹn, ó sì ń tọ́jú àkùkọ náà bí ẹni ń tọ́jú àbúrò. Àlejò dé bá wa láti Ọ̀yọ́ lójijì, kò sí ẹran nílé, mo bá ní kí wọ́n pa á. Ọmọ ti iléèwé dé, ó rí ìyẹ́ nílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí ni.

Nítorí náà, nígbà tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ wá sí yàrá wa ní Mówè láti Ìbógùn, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, àyà mi já. Inú ike tó ní ìdérí ló gbé e sí. Ó rí rogodo bí ẹ̀bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sáwo, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ gan-an, awọ ṣóńṣó sì yọ lókè ojú rẹ̀ méjèèjì bí ìwo. Ó ní àwọn òyìnbó ń sìn ín bí ajá. Mo ní kí òyìnbó wá gbé e. Ó ní ìdánwò lòun fẹ́ ṣe, kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun á fi parí.

"Mọ́mì, wàhálà rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ máa fún un ní ekòló lọ́jọ́ méjì méjì. Kí yẹ̀pẹ̀ inú ike yẹn máa tutù. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó máa ń gé èèyàn jẹ. Omi lásán ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ má fi nǹkankan sí i, torí ara ló fi ń mumi." Ó ti ike náà sọ́dọ̀ mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Kò dárúkọ àkùkọ. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibafo, ilé ni ọkàn mi wà. Bí mo bá délé, màá bẹ̀rẹ̀ síwájú ike títí ọrùn á fi máa ro mí, màá máa wò ó bóyá ọ̀fun rẹ̀ ń mí. Ọ̀lẹ ẹranko ni, kò mọ̀ ju kó jókòó sínú yẹ̀pẹ̀ lọ. Èmi tí mo máa ń sá fún ekòló ni mo wá ń wa ilẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀.

Òjò ńlá kan rọ̀, omi kànga wa sì di ẹrẹ̀. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: mo fi álọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù omi, mo rò ó, mo fi sílẹ̀ kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti mọ́ gaara. Mo bù nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́, mo sì fi wọ́n yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Lójú mi, omi lásán ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tó ń forí gbá ike. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Mo wo abẹ́ ikùn rẹ̀, ó ti pọ́n. Mo fún un ní ekòló, kò wò ó. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni mo sì ti ń bù ú. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ tó ní ìdánwò lọ́la? Pé mo tún ti ṣe é?

Ìyàwó tó ń gbé yàrá kejì wá dá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi bu omi lọ́dọ̀ mi padà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Álọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi sómi yẹn ti pọ̀ jù. Látàárọ̀ ni ara ti ń yún wa."

Mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé ẹni tó ń tọrọ omi kì í yan èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ara ló fi ń mumi.

Mo sáré wọlé. Mo fi ọwọ́ lásán gbé e, ó gé àtàǹpàkò mi jẹ, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi òjò tí mo gbé abọ́ dè lábẹ́ páànù ni mo fi ṣan ara rẹ̀. Mo da yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ nù, mo wa tuntun. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé ekòló mì, ó sì fẹ́ gbé ìka mi mọ́ ọn. Inú mi dùn, mo pè é ní olè.

Nígbà tí ọmọ mi parí ìdánwò, mo pè é. Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó rí mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ àkùkọ, mo bá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù yẹn sọ.

"Mọ́mì, álọ́ọ̀mù làwa náà fi ń tọ́jú omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì."

"Ẹn-ẹn?"

"Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo ní. Ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ikùn rẹ̀ pọ́n, ó ń fò káàkiri, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọwọ́ mi ni ò dáa. Ìdí tí mo fi gbé èyí wá fún yín nìyẹn."

Èmi apàkùkọ, èmi náà ló gbé e wá fún.

Mo ní, "Omi ni, ọmọ mi. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

Ó bú sẹ́kún. Mo di fóònù mú létí, mi ò ní kó dákẹ́.