Bí Mo Ṣe Fọ Ìdáhùn Mi Dànù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn bí èmi Ràfíátù, ọmọ Ṣakété, ṣe fọwọ́ ara mi fọ iṣẹ́ ọdún méjì dànù sínú síńkì làbó ìwádìí wa ní Kútọnu. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Iṣẹ́ dókítórà mi dá lórí ọkà bàbà. Ẹ bi àwọn darandaran léèrè, wọn kì í jẹ́ kí màlúù wọ oko ọkà bàbà tí kò tíì gbó, torí májèlé wà nínú ọ̀dọ́ ewé rẹ̀. Ẹ́nsáìmù mẹ́ta ló ń pèsè májèlé náà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣe tirẹ̀, á gbé e fún èkejì, èkejì á gbé e fún ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta á wá dì í kó má baà ṣe ewé fúnra rẹ̀ léṣe.

Ṣé àwọn mẹ́ta yìí fara ti ara wọn ni, tí wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́? Àbí oníkálukú wà láyè tirẹ̀? Wọ́n ti rí i níbòmíràn pé wọ́n jọ ń wà pọ̀ ni, ṣùgbọ́n irú ọkà bàbà tí a ń gbìn lókè Benin níhìn-ín ni mo fẹ́ mọ̀.

A ní nǹkan kan tó dà bí ìwọ̀ apẹja, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló ń mú. A ó lọ ewé, a ó ju ìwọ̀ sí i, ẹni tó bá fara ti ẹni àkọ́kọ́ á bá a jáde. Lẹ́yìn náà la ó fi omi oníyọ̀ ṣan ìwọ̀ náà kí ìdọ̀tí lè kúrò.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Ìyá mi ń ta òkìríkà ní ọjà Misẹ́bò, kì í sì í pàtẹ aṣọ tí kò bá tíì fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ní kí n ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, èmi ń ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Màdáàmù Ọṣẹ ni wọ́n ń pè mí ní làbó, mo sì gbà á bí oyè.

Oṣù ń lọ, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ìwọ̀ ń mú wá. Ọ̀gá làbó wa pè mí, ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí n wá kókó mìíràn, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì! Mo pinnu lọ́kàn mi pé mi ò ní wá kókó mìíràn.

Ibà wá dè mí mọ́lẹ̀. Dósù, ọmọ Fọ̀n kan tí a jọ ń lo làbó, tí kì í kánjú sí nǹkan kan láyé, bá mi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣan án. Nígbà tí mo padà dé, ó fi àwòrán ohun tí ìwọ̀ mú jáde hàn mí: òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló hàn.

Ǹjẹ́ mo yọ̀? Rárá. Mo sọ lójú ọ̀gá pé ìdọ̀tí ni. Mo tún fi kún un pé ẹni tí kò lè fọ abọ́ tó fi jẹun, ẹ́nsáìmù wo ni yóò fọ̀?  Dósù pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, ìyá mi ní kí n bá òun fọ ewúro. Mo fọ̀ ọ́, mo fún un, mo tún fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara. Ìyá mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wojú mi.

"Ràfíátù, ewúro dà?"

Mo ní ṣebí òun ló wà nínú ìkòkò yẹn.

"Ewé lo kó síbẹ̀. Ta ló ní kí o fọ gbogbo kíkorò rẹ̀ dànù? Ìmọ́tótó tìẹ ti di àrùn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì yòókù inú ọkà bàbà mi kàn rọra fara ti ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́, tí wọn kò lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́? Omi ẹlẹ́ẹ̀mẹ́fà á gbá wọn lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ní Mọ́ńdè, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo lọ bẹ Dósù, níwájú ọ̀gá tó gbọ́ nígbà tí mo bú u.

"Tantí, mo fọ abọ́ mi láàárọ̀ yìí o," ó dáhùn.

Ó wá ní àwọn èèyàn á ṣì sọ pé ìdọ̀tí ni, báwo la ṣe máa fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ló sọ. A wá òṣìṣẹ́ kẹrin tó pọ̀ jù lọ nínú ewé, tí kò sì bá májèlé da nǹkan kan pọ̀. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló ń bá ìwọ̀ jáde, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. A tún fún ewé ní oògùn kan nígbà tó ṣì wà láàyè, kó so àwọn tó bá fara kan ara wọn pọ̀ kí a tó lọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, mo wá fi ìwà mi ṣan án: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà gbáko. Dósù ń wò mí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn nínú àwòrán. Ẹ̀kẹrin ò sí. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, bákan náà ni. Ọ̀gá wo àwòrán náà, ó ní kí n máa bá kókó mi lọ. Orúkọ méjì, tèmi àti ti Dósù, ló wà lórí iṣẹ́ náà báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá tètè ṣí kúrò ni ìdọ̀tí. Díẹ̀ ló kù kí n fọ Dósù náà dànù. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sọ nù rí nítorí pé ẹ fẹ́ kó mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ń kà á.